Ọ̀kadà Tó Ti Dàgbà Lórí Òkè Ìjẹ̀ṣà: Ká Tún Un Ṣe, àbí Ká Ra Òmíràn?

Ẹni tó bá ti fi ọ̀kadà gun òkè láti Ìwàràjà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè rí mọ̀ pé ọ̀nà yẹn kì í bo àṣírí. Láàárín ìgboro Iléṣà tó tẹ́jú díẹ̀, ọ̀kadà tó ń ṣàìsàn lè máa rìn bí ẹni tára rẹ̀ yá. Tó bá wá kan òkè, gbogbo rẹ̀ á tú síta. Ibẹ̀ ni tèmi ti tú nínú òjò ọdún tó kọjá. Àpò kòkó kan ló wà lẹ́yìn mi, mo wà ní gíà kìíní, ẹ́ńjìnnì ń ké tantan, ọ̀kadà sì ń wọ́ bí ìgbín. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í títí mo fi dé ibi tó rọ̀.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tó rí i ní, "Dádì, ẹ tà á, ó ti gbó." Èkejì ní ká rìbọ̀ọ̀ ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni ká gbẹ́ inú sílíńdà rẹ̀ kó fẹ̀ sí i fún písítìn tó tóbi sí i. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó gùn ún wò, kò sẹ́ni tó tú púlọ́ọ̀gì. Ẹ ó rí ohun tó ń ṣe é gan-an nísàlẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé mo ti rí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti ọlọ́kadà ní àdúgbò wa tí wọ́n ta ọ̀kadà tó dáa ní ẹ̀dínwó. Mo tún ti rí àwọn tó rọ́ owó tó tó ra òmíràn sínú èyí tí férémù rẹ̀ ti là. Kò sí ìkankan nínú wọn tí nǹkan ìbá burú fún tó bẹ́ẹ̀ ká ní wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń kú lára ọ̀kadà náà kí wọ́n tó fọwọ́ kan owó.

Ẹ kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀

Ẹ mú ìwé, ẹ kọ gbogbo ibi tí ọ̀kadà yín ń lọ lọ́sẹ̀ kan, ẹrù tó ń gbé, àti ibi tó jẹ́ òkè. Ó dà bí iṣẹ́ ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n ó la èmi gan-an lójú. Nígbà tí mo ra tèmi, èmi àti àdá àti kòlòbó oúnjẹ ló ń gbé lọ sóko. Lónìí ó ń gbé àpò kòkó, ó ń gbé ọmọ lọ síléèwé, ó sì ń bá mi dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ́jọ́ ọjà. Iṣẹ́ ti di ìlọ́po méjì, ẹ́ńjìnnì sì wà bó ṣe wà.

Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé àtúnṣe máa ń dá agbára àtijọ́ padà ni, kì í fi kún un. Ẹ́ńjìnnì Boxer 100 jẹ́ nǹkan bíi 99 cc (ìwọ̀n àyè inú sílíńdà), ti Boxer 150 sì sún mọ́ 145. Kò sí ríìngì tuntun (òrùka tó yí písítìn ká) tó lè sọ 99 di 145. Tó bá jẹ́ pé èèyàn méjì pẹ̀lú ẹrù lẹ ń gbé gun òkè lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kékeré, ohun tẹ́ ẹ nílò ni ọ̀kadà tó tóbi jù ú lọ, kódà bí èyí tó wà lọ́wọ́ yín bá ń dán. Àwọn kan máa ń ní ká kúkú wá sílíńdà ńlá wọ ọ̀kadà kékeré. Mi ò fara mọ́ ọn. Kìránkì (ọ̀pá tí písítìn ń yí nínú ẹ́ńjìnnì), kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì tó wà níbẹ̀, agbára kékeré ni wọ́n ṣe wọ́n fún, òkè ni wọ́n sì máa ń jáwọ́.

Férémù ló ń ṣáájú ẹ́ńjìnnì

Ẹ fọ ọ̀kadà náà dáadáa, ẹrẹ̀ àti gírísì kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ẹ gbé e sórí sítáńdì ńlá, ní ọ̀sán tí oòrùn wà, kí ẹ wo ibi mẹ́rin: ọrùn tí hándù ti ń yí, ibi tí apá ẹ̀yìn ti so mọ́ férémù, ibi tí orí sọ́kì ẹ̀yìn ti dì mọ́, àti ibi tí wọ́n ti jó káríà mọ́ ọn. Ibi tó bá ti là kì í là gbàgà lójú ẹni. Ìlà ìpẹtà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ ó rí, bí ìlà irun orí kan lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ fi èékánná gbo ó. Tí èékánná bá kọ́ síbẹ̀, ó ti là nìyẹn.

Tó bá jẹ́ káríà ló là, wẹ́dà á jó o, ó parí. Tó bá jẹ́ ọrùn ló là, tàbí tí wọ́n ti jó ọrùn náà rí, ẹ má ná kọ́bọ̀ kan sórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Bí ọrùn bá já nígbà tẹ́ ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, bíréèkì kò ní ohun kan láti ṣe fún yín.

Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ di ìsàlẹ̀ fọ́kì (irin méjì tó di táyà iwájú mú) mú, kí ẹ fà á síwá sẹ́yìn. Tó bá ń dún kọ̀kọ̀, bẹ́ríìnì ọrùn ti jẹ, ìyẹn sì rọrùn láti pààrọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ mú okùn gígùn, kí ẹ nà án tààrà láti ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn dé iwájú, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Táyà iwájú gbọ́dọ̀ wà láàárín okùn méjèèjì dọ́gbadọ́gba. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti to ṣéènì gún, ó ṣeé ṣe kí férémù tàbí fọ́kì ti wọ́ níbi ìjàǹbá kan.

Níbẹ̀ náà, ẹ wo nọ́ḿbà ara férémù pẹ̀lú ìwé ọ̀kadà. Tí wọn ò bá bára mu, tàbí tí wọ́n ti fi fáìlì ha á, ẹ ò lè rí i tà lọ́nà tó mọ́ láéláé, kò sì bójú mu kẹ́ ẹ máa kó owó lé e lórí.

Àwọn àìsàn tó máa ń jọ ikú ẹ́ńjìnnì

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí pẹ́, nítorí ibí ni owó púpọ̀ jù ti ń bọ́ sọ́nà.

Kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí gíà, ni àkọ́kọ́. Ẹ wá òkè kan tí kò ní ọkọ̀ púpọ̀. Ẹ wọ gíà kẹta ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ ṣí iná dáadáa, ìyẹn ni kẹ́ ẹ yí ọwọ́ hándù tó ń fún un lépo. Bí igbe ẹ́ńjìnnì bá ń lọ sókè ṣùgbọ́n tí eré ọ̀kadà kò yí padà, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀. Agbára wà nínú ẹ́ńjìnnì, kò kàn dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì bóyá ó le jù. Ó yẹ kó ní ìyọ̀ǹda díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí wáyà bá dáa, àwo kílọ́ọ̀ṣì ló ti jẹ. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti rìbọ̀ọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ké tí ọ̀kadà ò lọ, ìyẹn gan-an ni mo gbọ́ lórí òkè lọ́jọ́ náà, mi ò sì mọ̀.

Èkejì ni bíréèkì tó ń di táyà mú. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rìn díẹ̀ láìtẹ bíréèkì rárá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, irin àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta páátì nítòsí ọjà Àtàkúnmọ̀sà, mo sì fa ọwọ́ mi yọ kíá. Ọmọṣẹ́ kékeré tó jókòó síbẹ̀ bu omi díẹ̀ dà sí i, omi náà ní ṣíí, ó gbẹ. Kò yẹ kí họ́ọ̀bù tí a ò tẹ bíréèkì rẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì bíréèkì ló ti dẹ̀, tí bàtà bíréèkì kò padà sáyè rẹ̀. Ẹ wò ó: mo ń gbé àpò kòkó, mo ń gun òkè, mo sì ń tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan náà láìmọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà èémí. Fílítà afẹ́fẹ́ tí eruku ọ̀nà oko ti dí máa ń mú ẹ́ńjìnnì yó epo ju bó ṣe yẹ lọ, èéfín dúdú á sì máa jáde. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sẹ́ni tó lè máa fi epo ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kabúrétọ̀.

Ṣéènì ló kù. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń rìn lọ́dọ̀ wa ló ń lo ṣéènì tí wọ́n ń pè ní 428, tí àyè láti píìnì kan sí èkejì rẹ̀ jẹ́ 12.7 mm. Nítorí náà àyè 20 gbọ́dọ̀ jẹ́ 254 mm. Ẹ fà á le, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́. Bó bá ti tó 259, ó ti parí, ẹ má sì fi ṣéènì tuntun sórí sípírókẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé) tí eyín rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìkọ́. Ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú àti ti ẹ̀yìn, àwọn mẹ́ta náà ni ká pààrọ̀ pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ogbó á ba tuntun jẹ́.

Ó wá kan ẹ́ńjìnnì

Ẹ jẹ́ kó tutù di àárọ̀. Ẹ ta kíkì rẹ̀ kó jí, kí ẹ wo ẹ̀yìn. Èéfín funfun fẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ìrì ni. Èéfín tó dà bí búlúù, tó ń rùn bí ọ́ìlì tó jó, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń mu. Ṣùgbọ́n ìgbà tó ń yọ ọ́ ló ṣe kókó. Bó bá yọ nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á, tàbí nígbà tẹ́ ẹ sọ iná sílẹ̀ lórí ìsọ̀kalẹ̀ tẹ́ ẹ tún ṣí i padà, síìlì fáàfù (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gba ara fáàfù wọlé) ni kẹ́ ẹ fura sí, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bó bá ń yọ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fún un níná pẹ̀lú ẹrù, ríìngì àti sílíńdà ni.

Ẹ tú púlọ́ọ̀gì. Tí imú rẹ̀ bá ní àwọ̀ bíi ti búrẹ́dì tí wọ́n yan, ara rẹ̀ yá. Tó bá dúdú tó gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Tó bá tutù tó ń dán pẹ̀lú ọ́ìlì, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ èéfín búlúù.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná yín ju ṣíbí ọ́ìlì kan lọ. Ẹ fi ọwọ́ ta kíkì díẹ̀díẹ̀ láti mọ bó ṣe le tó. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú ihò náà, ẹ dì í padà, kẹ́ ẹ tún ta kíkì. Bó bá wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ríìngì ló ń jò, torí ọ́ìlì ti bá yín dí i fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáàfù.

Rìbọ̀ọ̀ kì í ṣe nǹkan ìbẹ̀rù tó bá tọ́ sí i. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè ni iye ìgbà tí wọ́n ti ṣe é rí. Písítìn tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ máa ń wá ní 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00 mm, wọ́n sì máa ń tẹ nọ́ḿbà náà sí orí rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i tẹ́ ẹ rí 25, ọ̀nà ṣì jìn. Bí ẹ bá rí 100, kò kù ju ká wọ sílíífù tuntun (irin tó bo inú sílíńdà) tàbí ká ra sílíńdà lọ. Ẹni tó máa rìbọ̀ọ̀ gbọ́dọ̀ fi maikirómítà, irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan tó kéré jọjọ, wọn písítìn àti sílíńdà. Ẹni tó bá fi ìka wọ̀n ọ́, ẹ gbé ẹrù yín kúrò níwájú rẹ̀.

Ibi tí ẹ ti máa dúró ni kìránkì. Bí ìlù wíwúwo bá ń dún láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ru ẹrù, tàbí tí kónírọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kìránkì) bá ń mì sókè sódò nígbà tẹ́ ẹ ṣí sílíńdà, iṣẹ́ náà ti di títú gbogbo ikùn ẹ́ńjìnnì. Fún ọ̀kadà tó ti rìn ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti dé ibẹ̀, àfi bí ìyókù rẹ̀ bá pé ṣámúṣámú.

Àbúrò bàbá mi ní ọ̀kadà àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Ilé kìránkì rẹ̀ là, wọ́n jó o, ó tún là. Nígbà tí a wá rí i pé oṣù kan gbáko la fi wá ilé kìránkì kiri, láti Iléṣà dé Ifẹ̀, tí a ò rí, mo sọ fún un pé, "Bọ̀ọ́dà, ó ti tó." Páátì tí a kì í rí rà ti pa ọ̀kadà náà ṣáájú kó tó kú.

Àtúnṣe tó ń jẹ́ kó gun òkè sí i

Bí férémù bá dáa, tí ẹ́ńjìnnì sì yè, àtúnṣe kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo yòókù lọ nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Ẹ ka eyín sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ká sọ pé iwájú jẹ́ 14, ẹ̀yìn jẹ́ 42. Iwájú á yí ní ìgbà 3 kí ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ ẹ bá fi 13 síwájú, ó di ìgbà 3.23. Ìfàsókè yín á fi bíi 8 nínú 100 lágbára sí i. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára lórí òkè Ìmẹ̀sí-Ilé. Ohun tó máa gbà lọ́wọ́ yín ni pé lórí títì Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa ké sí i, á sì mu epo díẹ̀ sí i. Ẹni tó ń wọ oko ni èyí wà fún. Ẹni tó ń sáré lórí títì lójoojúmọ́, kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, bàtà bíréèkì àti táyà ẹ̀yìn tó ní eyín jíjìn fún ẹrẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ aláràbarà àti ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró ná.

Ẹ fa ààlà kí wọ́n tó ṣí ẹ́ńjìnnì

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti wà nílẹ̀ ní àwẹ́lẹ́wẹ́, ọkàn èèyàn kì í balẹ̀ láti sọ pé "ó tó." Gbogbo páátì tí wọ́n bá dárúkọ lẹ ó máa san. Nítorí náà, ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀kadà bíi tiyín tó ṣì ń rìn dáadáa. Ààlà tèmi ni ìdajì owó yẹn. Bí gbogbo àtúnṣe, páátì àti owó iṣẹ́, bá kọjá rẹ̀, mi ò ṣe é mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín owó sí oṣù. Mo máa lo owó àpẹẹrẹ lásán; ẹ fi tiyín rọ́pò. Ká ní àtúnṣe jẹ́ ₦180,000, tẹ́ ẹ sì retí oṣù 18 nínú rẹ̀: ₦10,000 lóṣù. Ẹ fi ₦6,000 kún un fún àwọn nǹkan kéékèèké, torí ogbó ń béèrè. Tuntun jẹ́ ₦1,500,000, wọ́n á ra àtijọ́ ní ₦300,000, ó ku ₦1,200,000. Bó bá máa lò tó oṣù 60, ₦20,000 lóṣù nìyẹn, pẹ̀lú ₦2,000 fún ìtọ́jú. Àtijọ́ di ₦16,000, tuntun di ₦22,000. Ó dà bíi pé àtijọ́ ló borí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń gbé èrò, tí àtijọ́ sì ń dúró sílé ọjọ́ méjì lóṣù, tó jẹ́ pé ₦4,000 lẹ ń mú wálé lójúmọ́, ẹ fi ₦8,000 kún un. Ó di ₦24,000, tuntun sì ti borí. Ọ̀kadà kan náà, owó kan náà, àgbẹ̀ tún tiẹ̀ ṣe, ọlọ́kadà tà á, àwọn méjèèjì sì gbọ́n. Ọjọ́ tí ọ̀kadà kò jáde ni ọ̀pọ̀ wa kì í kà.

Bó bá di pé ẹ máa ra òmíràn

Bẹ́ ẹ bá ń gbà á ní sísan díẹ̀díẹ̀, ẹ rántí pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá. Àwọn òṣómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́, ló máa ń gbé aṣọ fún àwọn ènìyàn láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà, tí wọ́n á sì lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí wọ́n á fi gba owó wọn. Wọ́n mọ àpapọ̀ owó wọn kí wọ́n tó gbé aṣọ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má gbọ́ iye ọ̀sẹ̀ nìkan. Ẹ ṣe àròpọ̀ gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ bèèrè orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé títí ẹ ó fi san án tán, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ara yín ò bá yá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó kí ẹni tó ni ín tán. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ti ta kíkì rẹ̀ ṣáájú kí ẹ má bàa mọ̀ pé kì í tètè jí. Ẹ ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí mo ti kọ sílẹ̀ lókè fún un. Àti pé kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ bá àwọn tó ń ta páátì, ẹ bèèrè àwo kílọ́ọ̀ṣì, ríìngì, wáyà kílọ́ọ̀ṣì, bàtà bíréèkì àti síìlì fáàfù irú ọ̀kadà náà. Bí wọ́n bá ní mẹ́ta péré nínú márùn-ún, ẹ wá irú mìíràn.

Ti àtijọ́, ẹ tà á nígbà tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Bẹ́ ẹ bá ra irú rẹ̀ kan náà, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún páátì.

Tèmi gba àwo kílọ́ọ̀ṣì, bàtà àti sípíríǹgì bíréèkì ẹ̀yìn, ṣéènì pẹ̀lú sípírókẹ́ẹ̀tì, 13 níwájú. Ríìngì rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ọ́ìlì ṣíbí kan yẹn kò yí kíkì padà rárá, fáàfù tí wọ́n sì tún tò kò gbà ju àárọ̀ kan lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé àpò kòkó kan gba òkè Ẹ̀fọ̀n, gíà kejì ni mo fi gùn ún. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi pé bí èéfín búlúù bá fi lè yọ lábẹ́ ẹrù kí kòkó ọdún tó ń bọ̀ tó gbẹ, mà á tà á lóṣù yẹn.